Àwọn Àlejò Inú Kọ̀ǹpútà Màmá

Ṣakí, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024

Mojọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ Adétúnjí. Ẹ kú òtútù, mo gbọ́ pé yìnyín ń bọ́ ní Leeds yín. Níhìn-ín, ọyẹ́ ló dé. Ètè gbogbo wa ti là, eruku ọ̀nà Ògbooro sì ti sọ gbogbo aṣọ funfun tí mo sá di pupa. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ ń kọ̀wé.

O mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orí fóònù. Kí n tó kí ọ tán ló ti ń já. Lẹ́tà kíkọ ni bàbá rẹ kọ́ wa kí Ọlọ́run tó pè é, lẹ́tà náà ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ láti kọ. Kà á dáadáa kí o tó fèsì.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Ta lo sọ fún?

Nígbà tí o sọ fún mi ní oṣù Ọ̀pẹ pé o ti lóyún, kí ni mo wí? Mo ní kí a dákẹ́. Lẹ́yìn àwọn méjì tí kò dúró, mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ títí Ọlọ́run yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Mi ò sọ fún àbúrò mi ní Ìrawọ̀. Mi ò sọ fún àlùfáà wa. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo bá ti ṣí kọ̀ǹpútà, aṣọ ọmọ tuntun ni, ibùsùn ọmọ ni, ohun tí àwọn òyìnbó fi ń ti ọmọ kiri ni. Wọ́n á yọ ní igun ọ̀tún, mo bá lé wọn, wọ́n á tún yọ lápá òsì.

Lánàá, Ìyá Ìbùkún tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa wá pé kí n bá òun tẹ ètò ìsìn ẹgbẹ́ obìnrin. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, ọmọ òyìnbó kan tó dé fìlà olówùú bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ìyá Ìbùkún wò mí, ó ní, “Ìyá Mojọlá, ta ló ń bọ̀ wáyé nílé yín?” Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa, nídìí ètò ìsìn.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí kì í bá ṣe ìwọ, ọkọ rẹ ni. Bi í léèrè dáadáa.

Máa jẹun. Má gbé ohun tó wúwo ní ilé ìwòsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ.


Leeds
17 oṣù Kìíní, 2024

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìnira orúnkún. Adétúnjí ní kí n kí yín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Mo bi í léèrè bí ẹ ṣe ní kí n bi í, ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní ṣé bí ìyá ìyàwó òun ṣe mọ òun sí nìyẹn. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Màmá, kò sí ẹni tó sọ. Kọ̀ǹpútà yín ló ní àlejò. Àwọn ètò kan wà tí àwọn onípolówó máa ń fọgbọ́n tì bọ inú kọ̀ǹpútà ènìyàn. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á máa ṣọ́ ohun tí onílé ń wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa gbé ọjà irú rẹ̀ wá síwájú rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo lóyún. Ẹnìkan ló wo aṣọ ọmọ lórí kọ̀ǹpútà yẹn, wọ́n sì rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni?

Ẹ tún sọ fún mi, kí lẹ gbà sórí rẹ̀ láìpẹ́ yìí? Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ inú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí ogiri ti lanu.

Bí ohunkóhun bá sì yọ tó ní kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà yín, pé kí ẹ pe nọ́ńbà báyìí-báyìí, ẹ má pè é. Irọ́ ni. Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí báǹkì yín síbẹ̀ rárá.

Mo ń jẹun. Mi ò gbé nǹkan.

Ọmọ yín,
Mojọlá


Ṣakí
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Èrèlè, 2024

Mojọlá,

Mo kí ìwọ àti ọkọ rẹ. Bá mi bẹ̀ ẹ́ sí i. Sọ fún un pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fura sí òun, kó má fẹ́ ọmọ olùkọ́.

Ó pẹ́ tí mo tó fèsì nítorí pé mi ò fẹ́ fèsì. Èmi ni mo wo aṣọ ọmọ. Mo wò ó, mi ò rà á. Èèwọ̀ ni kí a ra nǹkan sílẹ̀ de ọmọ tí kò tíì dé, ṣùgbọ́n wíwò kọ́ ni rírà. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ò fún mi ní ìwé ìrìnnà láti wá bá ọ wẹ ọmọ, mo ní kí n kúkú fojú wo ohun tí yóò wọ̀.

Ní ti ogiri tó lanu, nígbà ìkórè ni mo wá ètò kan tó ń kọ orin ìyìn, kí ẹgbẹ́ akọrin wa lè fi kọ́ ohùn. Mo rí ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ́tìnnì ńlá aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Ṣé mo gbà? Mo ní mo gbà. Ṣé ọ̀rẹ́ òun lè bá òun wọlé? Mo ní kó máa bọ̀. Láti ìgbà náà, ibi gbogbo tí mo bá dé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bi mí bóyá àwọn lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi. “Allow” wà lápá kan tí ó bá jẹ́ pé mo gbà, “Block” wà lápá kejì tí n kò bá gbà. “Allow” ni mo tẹ̀ fún gbogbo wọn.

Má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní “àgò o”, a kì í ní kó padà síbi tó ti wá. Àgò yà là ń dáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí mo ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí kò já ilẹ̀kùn, wọ́n tọrọ àyè.

Kí n sọ èyí tó kù. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, tí ìwọ náà ti lọ, kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yìí láàárọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn máa ń yọ láago méje, á ní “Good morning”. Mo mọ̀ pé ọṣẹ ló ń tà. Ṣùgbọ́n ó ń kí mi, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Wàyí o, ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Mo ti ní orúkọ tí n óò sọ ọmọ yẹn. Nílé wa, ìyá àgbà kì í sọ orúkọ tó mú wá fún ẹnikẹ́ni, bàbá ọmọ kì í gbọ́ ọ, ìyá ọmọ kì í gbọ́ ọ, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ojú ọmọ ló máa ń wò, tí yóò fi pè é. Ìyá mi ṣe é fún ọ. Níwọ̀n bí wọn ò ti jẹ́ kí n wá, orí kọ̀ǹpútà yìí ni n óò ti ṣe é lọ́jọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè pe orúkọ ọmọ ọmọ mi nínú yàrá tí àjèjì kún, kí ọlọ́ṣẹ gbọ́ ọ ṣáájú ẹni tó ni ín. Bá mi lé wọn jáde.

Ìyá rẹ.


Leeds
6 oṣù Kejì, 2024

Màmá mi,

Mo kí yín. Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo sì sunkún. Kì í ṣe nítorí aṣọ ọmọ. Ti ọlọ́ṣẹ tó ń kí yín láàárọ̀ yẹn ló dùn mí. Èmi ló yẹ kí n máa kí yín. Láti ọ̀la, n óò máa kí yín.

Ẹ jẹ́ kí a lé wọn. Ẹ lọ sí “Settings” kọ̀ǹpútà náà, ẹ wá “Apps”, ibẹ̀ ni wọ́n to gbogbo ètò inú rẹ̀ sí. Ẹ ní kó tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé. Ẹ óò rí ètò orin yẹn, ẹ óò sì rí àwọn tó dé lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ará ilé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tẹ “Uninstall” lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó lè kúrò. Òmíràn á bi yín bóyá ó dá yín lójú. Ó dá yín lójú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí búráúsà tí ẹ fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmì tótòtó mẹ́ta wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wá “Extensions”. Àwọn ètò kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ búráúsà bí eégbọn lára ajá ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ yọ ọ́. Nínú “Settings” búráúsà náà, ẹ wá “Notifications”. Ibẹ̀ ni orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ dá lóhùn pé àgò yà wà. Ẹ yọ gbogbo wọn, àti ọlọ́ṣẹ. Kí ẹ wá tẹ “Reset settings”, kí ojú ewé àkọ́kọ́ yín lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò ní pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, kí ẹ jẹ́ kí ètò ẹ̀ṣọ́ tí mo fi sínú rẹ̀ yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ló kù. Láti òní lọ, ohunkóhun tó bá tọrọ àyè lójú kọ̀ǹpútà, “Block”. Ẹ má bi í pé ọmọ ta ni. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ má gbé e. Mo mọ̀ yín, Màmá, bí mo bá yọ ẹnì kan sílẹ̀, ẹ óò rí ogún mìíràn tó tọ́ sí àánú. Nítorí náà kò sí àfi. Rárá ni fún gbogbo wọn.

Àríyọ̀ tí a jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá síhìn-ín lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òrí rán an, òrí tiwa gan-an. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ń rùn bí òdòdó.

Ọmọ yín,
Mojọlá


Ṣakí
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Èrèlè, 2024

Àdùkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí onílé rẹ. Ọyẹ́ ti ń lọ, kájú ti ń pọ́n. Ṣé o rí oríkì tí mo fi pè ọ́? Inú mi ló dùn.

Mo kọ́kọ́ ṣe agídí. Mo ní kí ni èmi fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́ fún? Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Jẹ́ẹ́dé tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí gáréèjì. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní àfi kí òun nu gbogbo inú rẹ̀ nù. Mo ní àwòrán bàbá Mojọlá tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà á bá a lọ. Mo ní bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́, mo gbé ẹrù mi, mo padà sílé.

Mo jókòó, mo ṣe é bí o ṣe kọ ọ́. Ètò orin yẹn kò dá wá lóòótọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé rẹ̀ ní òun ń mú kọ̀ǹpútà yára, òun gan-an ló ń fà á sẹ́yìn. Nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ́, ó gbé àwòrán ojú tó ń sunkún wá, ó ní ṣé lóòótọ́ ni mo fẹ́ kí òun lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe olùkọ́. Ẹkún ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kò rọ̀ mí lọ́kàn rí. Mo yọ ọ́.

Ọlọ́ṣẹ ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Mo kí i pé ó dàbọ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Ojú kọ̀ǹpútà ti mọ́. Ìyá Ìbùkún tún wá, ó yọjú títí, kò rí ọmọ kankan, ó wá ń wò mí bí ẹni pé mo gbé nǹkan rẹ̀ pamọ́. Ilé dákẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà kékeré rẹ ń dé láràárọ̀, “Màmá, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa?” Òun ni mo fi ń mu ẹ̀kọ. Má dá a dúró.

Òrí ti wà lọ́wọ́ Àríyọ̀. Ògbooro ni mo ti lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Má jẹ́ kí iná bà á.

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ṣì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Rárá ni mo ń sọ fún wọn. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn báyìí.

Ìyá rẹ.


Leeds
22 oṣù Kẹrin, 2024

Màmá mi, ìyá àgbà,

Ọlọ́run ti ṣe é. Adétúnjí pè yín títí lánàá, ẹ kò gbé e, bóyá ẹ wà nínú ìsìn.

Obìnrin ni. Ó dé ní àlàáfíà, ara èmi náà le. Imú Bàbá mi ló gbé wá, ohùn tiyín ló ní, gbogbo wọ́ọ̀dù ló mọ̀ pé ó dé. Òrí Ògbooro ni mo fi pa á lára lówùúrọ̀ yìí.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìkómọ, láago mẹ́wàá àárọ̀. Aago tiwa àti tiyín dọ́gba lásìkò yìí. Ẹ tẹ ìlà aláwọ̀ búlúù tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ óò rí wa, àwa náà á rí yín. Àwọn òbí Adétúnjí á wọlé láti Ìgbẹ́tì. Ẹ̀yin la fi sí ìparí, kí ó jẹ́ ohùn yín la máa gbọ́ gbẹ̀yìn.

Mi ò bi yín ní orúkọ náà o. Mo ń dúró dè é ni, bí ọmọ ṣe ń dúró dè é.

Mojọlá


Leeds
28 oṣù Kẹrin, 2024

Màmá,

Mo kí yín.

A rí i pé ẹ wọlé. Orúkọ yín wà lójú kọ̀ǹpútà kí aago mẹ́wàá tó lù, ṣùgbọ́n àpótí dúdú ni, kò sí ojú yín, kò sí ohùn yín. Mo pè yín. Àlùfáà pè yín. Nígbà tó kàn yín láti sọ ọmọ lórúkọ, ẹ kò sọ ohunkóhun. Ìyá Adétúnjí ní kí a má fipá mú yín. Bí a ṣe parí ìkómọ ọmọ mi nìyẹn.

Mo pè yín lórí fóònù. Ó ń dún, ẹ kò gbé e.

Adétúnjí ní òun mọ ohun tó fà á. Ó ní láti ọjọ́ tí ẹ ti fura pé òun ló tú àṣírí, òun ti mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn òun. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní báyìí mi ò mọ ohun tí n óò wí mọ́. Bó bá jẹ́ ti ìwé ìrìnnà lẹ ń bínú sí, èmi kọ́ ni mo fi dù yín. Ọmọ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Màmá.

Mojọlá


Ṣakí
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ìgbé, 2024

Mojọlá,

O kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á dá a sí.

Aṣọ òfì tí bàbá rẹ rà fún mi ní Ìsẹ́yìn ni mo wọ̀ lónìí. Mo jókòó kí àsìkò tó tó. Mo rí yín kedere. Mo rí ọmọ. Mo ní, “Mojọlá, mo ti dé o.” O ń wo iwájú bí ẹni tí kò rí mi. Mo kí àwọn àna wa, wọn ò jẹ́ mi. O ní, “Màmá, ó kàn yín o.” Mo ní, “Èmi nìyí, gbé ojú rẹ̀ kọ sí mi.” O gbé ọmọ fún àlùfáà. Mo pariwo débi pé Ìyá Ìbùkún sáré wọlé, ó rò pé mo ṣubú. Ọkọ rẹ wá ní, mo sì gbọ́ ọ dáadáa, “Bóyá Màmá ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ni.” Ẹ gbàdúrà, ẹ sì pa kọ̀ǹpútà yín.

Mi ò pe orúkọ náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí kò kọjú sí mi, mi ò lè máa pè é láti ẹ̀yìn bí ẹni ń pe ewúrẹ́.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí arúgbó Ṣakí dá sí i, ẹ̀ bá ti wí. Ó dùn mí gan-an.

Ìyá rẹ.


Leeds
29 oṣù Kẹrin, 2024

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò tíì dìde. Lẹ́tà wa kọjá ara wọn lọ́nà. Mo ka tiyín, mo fún Adétúnjí kà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A kò rí yín, Màmá. A kò gbọ́ yín. Ẹ̀yin ń gbọ́ wa, àwa ò gbọ́ yín. Ohun kan ló dí yín lójú, tó sì dí yín lẹ́nu. Ẹ rántí fún mi. Nígbà tí ẹ tẹ ìlà búlúù yẹn, ṣé ohunkóhun bi yín ní ìbéèrè?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Mojọlá


Leeds
6 oṣù Karùn-ún, 2024

Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa?

Láràárọ̀ ni mo ń kí yín, ẹ kò fèsì. Fóònù yín ń dún lásán. Ọmọ ti ń la ojú dáadáa. Orúkọ tí wọ́n mú wá láti Ìgbẹ́tì la fi ń pè é, ó dára, ṣùgbọ́n bí mo bá ti pè é tán, ẹnu mi máa ń dúró, ó ń retí èyí tó kù. Láìpẹ́ a óò lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ibí. Mi ò fẹ́ lọ láìsí tiyín.

Ẹ bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́. Ẹ ṣáà fèsì.

Mojọlá


Ṣakí
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èbìbí, 2024

Mojọlá,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ.

Inú ló bí mi. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo fi aṣọ bò ó, mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìrawọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ ebè. Òní ni mo dé. Mo ka gbogbo lẹ́tà rẹ, mo sì tún wọn kà.

O bi mí bóyá ohunkóhun bi mí ní ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe tẹ ìlà búlúù, ọ̀kan yọ lókè lápá òsì. Ó ní òun fẹ́ lo ẹ̀rọ àwòrán mi, kí wọ́n lè rí ojú mi. Ó ní òun fẹ́ lo ẹ̀rọ ohùn mi, kí wọ́n lè gbọ́ mi. Mo ní ìyẹn ti pọ̀ jù, ọlọ́ṣẹ pàápàá kò tọrọ tó báyẹn rí. Mo tẹ “Block”. Inú mi dùn pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Fóònù náà, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ló ń jáde. Mi ò gbé e.

Mojọlá, ẹni tó ní òun fẹ́ rí ojú mi yẹn, ṣé ìwọ ni?

Ìyá rẹ.


Leeds
9 oṣù Karùn-ún, 2024

Màmá mi,

Èmi ni. Èmi náà ló wà lórí fóònù. Bí a bá ń pe Nàìjíríà láti ibí, nọ́ńbà tó bá wu fóònù ló máa ń gbé jáde.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo rán yín, tí mo sì ní kò sí àfi. Ẹ̀bi mi ni, Màmá, kì í ṣe tiyín. Adétúnjí ní kí n tọrọ àforíjì fún òun. Ó ní ẹni tó fẹ́ ọmọ olùkọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Ẹ tẹ ìlà búlúù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lókè pátápátá, níbi tí àdírẹ́sì ojú ewé wà, àmì kékeré kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ óò rí “Camera”, ẹ óò rí “Microphone”, a ti ti méjèèjì pa. Ẹ ṣí wọn. Bó bá ní kí ẹ tún ojú ewé náà ṣí, ẹ tún un ṣí. Bó bá tún bi yín, ẹ dáhùn pé ẹ gbà.

Ọjọ́ Àìkú, láago mẹ́wàá. Kò sí àlùfáà, kò sí àna. Ẹ̀yin àti ọmọ ni.

Mojọlá


Ṣakí
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Èbìbí, 2024

Àdùkẹ́ mi,

Mo tún kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú mi ni. Òjò ń rọ̀ báyìí, mi ò sì fẹ́ kó di ọ̀la kí n tó kọ ọ́.

Bí ìbéèrè yẹn ṣe yọ, ọwọ́ mi ti ń lọ sórí “Block”. Mo fi ọwọ́ kejì dì í mú. Mo ka ohun tó kọ dáadáa, mo wá gbà.

Sọ fún ọkọ rẹ pé mo rí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ òtútù yẹn, ìyẹn nìkan tó fún mi. Kò sí ohun tó kù láàárín èmi àti òun.

Mo mọ̀ pé o rò pé mò ń ṣe àṣejù nígbà tí mo ní kí ẹ gbé e sínú ibùsùn rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, kí ìwọ àti ọkọ rẹ bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyá Ìbùkún náà wà níta níhìn-ín, ó ń bínú. Ọmọ wò mí. Ó sín, ó tún wò mí. Mo pè é. Mo tún pè é. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ọwọ́ bàbá rẹ gan-an, mo sì sunkún díẹ̀ nítorí kò sí ẹni tó ń wò mí àfi òun.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ẹ kan ilẹ̀kùn yàrá ara yín, tí o ní, “Àgò o, Màmá.” Mo ní àgò yà. Ẹ wọlé, mo sì sọ ọ́ fún yín.

Bí ẹ ṣe lọ tán, ojú ewé yẹn bi mí bóyá ó lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi. “Block” ni mo tẹ̀. Ìyá Ìbùkún wọlé, ó ní orúkọ wo ni mo sọ ọ́. Mo ní kó ní sùúrù.

Mi ò ní kọ orúkọ náà sínú lẹ́tà yìí. Ẹni tó ni ín ti gbọ́ ọ.

Ìyá rẹ, ìyá àgbà rẹ̀.